Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́: kí ni kí n máa sọ fún un?

Ọmọ Àkábà (Kétu) · ọjọ́ Àìkú, 21:10

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iju ló wà níkùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ti ya àwòrán inú rẹ̀, oògùn kò ràn án, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n dá fún un ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù, nítorí náà èmi àbúrò ni mo máa dúró tì í. Èmi ni màá máa sáré lọ ra ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, èmi ni màá tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìrora ló ń dẹ́rù bà á, kì í ṣe abẹ. Wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ rẹ̀ kejì rí, ó sì ní òru àkọ́kọ́ yẹn ṣì máa ń wá sójú àlá òun. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Kútọ̀nú wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ń sọ sétí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lè dín ìrora rẹ̀ kù, pé àwọn dókítà ti dán an wò. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ọfọ̀ ni? Ó ní kì í ṣe ọfọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré ni.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláìsàn rí, ẹ jọ̀ọ́: kí lẹ sọ tó ṣiṣẹ́? Kí lẹ sọ tẹ́ ẹ kábàámọ̀?

Awakọ̀ Zẹ́mì (Pọ́bẹ̀) · 21:14

Sọ fún un pé owó ti pé. Ìrora á lọ.

Ìyá Ìbejì (Ṣábẹ̀ẹ́) · 21:52

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ. Má dá awakọ̀ yẹn lóhùn.

Abẹ ni wọ́n fi gba ìbejì mi, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlejò kí n tó sọ ti nọ́ọ̀sì, torí àlejò ló kọ́kọ́ ṣe mí léṣe. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan láti àdúgbò wa wọlé, ó gbé abọ́ àkàsà dání. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. “Háà! Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́! Ó ń dùn ẹ́ gan-an ni, àbí? Mo mọ̀. Àbúrò mi tí wọ́n ṣe é fún, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè nàró.”

Ẹ gbọ́ o. Kí ìyá yẹn tó wọlé, ọmú ni mò ń fún àwọn ọmọ. Ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ó ń ro díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mi ò ro tiẹ̀. Bó ṣe sọ̀rọ̀ yẹn tán, àfi bíi pé ẹnì kan fi ẹyin iná kan mi níkùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá a kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí oṣù mẹ́ta.

Àwọn nọ́ọ̀sì náà yàtọ̀ síra wọn. Ti ọ̀sán, kó tó gún mi lábẹ́rẹ́, á ní “ça va piquer”, ìyẹn ni pé yóò ta ọ́ o. Kí abẹ́rẹ́ tó kàn mí, gbogbo ara mi á ti le bí igi. Ti òru, àgbàlagbà obìnrin kan báyìí, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù, á ní: “Ìyá Ìbejì, èyí tí yóò jẹ́ kí o sùn ni mo gbé dé. Mí sínú. Ó tó. Mí síta báyìí, jẹ́ kí èjìká rẹ wálẹ̀.” Kí n tó mí síta tán, ó ti gún un parí. Abẹ́rẹ́ kan náà ni o! Inú páálí kan náà ni wọ́n ti ń mú un, èmi ni mo fowó mi rà á.

Nítorí náà, kí o tó ronú ohun tí wàá sọ, ẹnu ọ̀nà ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́. Àlejò tó bá fẹ́ ka ìtàn àwọn tó kú, pàdé rẹ̀ níta, gba àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀, dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òru (Àjàṣẹ́) · 23:35

Kì í ṣe èmi ni nọ́ọ̀sì òru tí Ìyá Ìbejì ń wí o, àmọ́ ó wù mí kó jẹ́ èmi. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ni mo wà, ọdún mọ́kànlá rèé.

Ohun tó sọ yẹn, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní 2010, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé e yẹ̀ wò lára aboyún 140 tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà tí a máa ń kọ́kọ́ fi pa ojú ibẹ̀ kú kí ti gidi tó wọlé. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé oògùn tí yóò pa ibẹ̀ kú kí ara lè tù yín nìyí. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé yóò ta yín bí oyin ńlá, ibẹ̀ ló sì le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí kálukú fi nọ́ńbà sí ìrora náà, láti 0 dé 10. Nọ́ńbà tó bọ́ sí àárín fún àwọn tó gbọ́ “ara tù” jẹ́ 3. Ti àwọn tó gbọ́ “oyin” jẹ́ 5. Oyin kankan ò sí ní yàrá yẹn.

Òmíràn wà tí yóò bí àwa Nàgó nínú. Ní 2005, ẹgbẹ́ olùwádìí kan gba ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń sọ fún aláìsàn sínú fídíò nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lára wọn, wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀. Ìkìlọ̀ irú “yóò dùn ọ́ o” mú kí ìrora àti ìpayà pọ̀ sí i. Ìkẹ́dùn lẹ́yìn tó ti dùn ún tán kò fi kún ìrora, ṣùgbọ́n ó fi kún ìpayà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka pẹ̀lẹ́ ogún ní orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti gbọ́.

Bàbá Onífìlà (Kétu) · ọjọ́ Ajé, 06:20

Ẹ má gba pẹ̀lẹ́ lẹ́nu wa o, ọmọ mi nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣubú lójú ọjà tí kò gbọ́ pẹ̀lẹ́ yóò rò pé àárín ọ̀tá lòun wà. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti gbàgbé pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ohùn tí a fi sọ ọ́ ni. Pẹ̀lẹ́ wà tó jẹ́ “mo rí ọ, mo wà níbí”, pẹ̀lẹ́ sì wà tó jẹ́ “yéè, o gbé!” Ẹ̀kejì yẹn ni ìyá alákàsà gbé wá sí Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ sọ pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ bọ́ sórí “o kú ewu”. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìgbà tí ewu bá ti kọjá là ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí o bá kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní “o kú ewu”, o ti sọ fún un pé ewu wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rékọjá. Kò sí àlàyé kankan tí o tún ń ṣe.

Ti pé ká má dárúkọ ìrora yìí, kì í ṣe lọ́dọ̀ òyìnbó la ti máa gbọ́ ọ. Ìyá tó bí wa lọ́mọ kì í pe ejò ní ejò lóru, okùn ló ń pè é. Ìgbóná tó ń ṣe ọmọ kéékèèké nígbà náà, ta ló jẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an? Olóde la ń wí.

Ìránṣẹ́ Olúwa (Àjàṣẹ́) · 07:45

Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ó ti wà nínú Bíbélì. Arákùnrin, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Gbé ọwọ́ lé e, kí o pàṣẹ pé: kò sí ìrora! kò sí ìrora! Kó máa tún un sọ tẹ̀lé ọ.

Nọ́ọ̀sì Òru · 08:10

Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà máa ń gbà á kí n tó wọ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ran ikùn rẹ̀ tẹ́ ẹ sọ fún pé kò sí ìrora, ikùn rẹ̀ á pè yín ní òpùrọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì ti rí i pé ẹ purọ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá sọ lẹ́yìn ìyẹn kò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ohun mìíràn: ẹ sọ “kò sí ìrora” lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìrora ló máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹni tó ń sọ fún ọmọdé tó gbé abọ́ ọbẹ̀ pé má jẹ́ kó dànù ni. Ojú ọmọ á kúrò lọ́nà, á lọ sórí dídànù.

Ẹ gbàdúrà fún ìsinmi, fún oorun, fún kí ara jinná. Nǹkan wọ̀nyẹn ní orúkọ tiwọn.

Ìránṣẹ́ Olúwa · 08:31

Àmín. Mo gbọ́.

Télọ̀ Ouando (Àjàṣẹ́) · 10:02

Ẹ dákun, ẹ ò máa tan ọmọ ọlọ́mọ. Tí ọ̀rọ̀ bá lè mú un lọ, ó túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìrora yẹn látilẹ̀, inú orí ló wà. Ẹni tí ara bá ń ro ní tòótọ́, abẹ́rẹ́ ló nílò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọ̀nú · 12:40

Èmi ni ọ̀rẹ́ tí Ọmọ Àkábà ń wí, ẹ kú ìjókòó o. Bàbá Télọ̀, ìbéèrè yín dára, òun ni èmi náà kọ́kọ́ bi olùkọ́ wa.

Ọpọlọ wa ń ṣe oògùn ìrora tirẹ̀, tó fara jọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora alágbára ti ilé ìwòsàn. Ní 1978, àwọn olùwádìí ní San Francisco fún àwọn tí wọ́n yọ eyín fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ara sì tu àwọn kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní naloxone, èyí tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ mọ́fíìnì nínú ara. Ìrora àwọn tí ara ti tù yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tó bá jẹ́ irọ́ lásán ni ìtura yẹn, kí ni naloxone rí dí?

Èyí tó wúlò fún ẹni tó dúró ti aláìsàn nìyí. Ní Turin, ní Ítálì, Fabrizio Benedetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní oògùn ìrora gidi ní ọ̀nà méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ pé oògùn ìrora ni mo ń fún ọ yìí. Nínú ti èkejì, ẹ̀rọ ló tú u sínú omi tó ń wọ ara, aláìsàn kò mọ̀ rárá. Oògùn kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún un láìmọ̀ kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní láti pọ̀ sí i kó tó ṣe ohun tí ti àkọ́kọ́ ṣe. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá wá da oògùn sínú omi tí ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń wo òrùlé, fọwọ́ kàn án, kí o ní: “Wò ó, oògùn ìrora ti ń wọlé báyìí o.” Kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Èyí tí mo sọ fún Ọmọ Àkábà lọ́jọ́ náà, àwọn ará Jámánì ló ṣe é, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, sì gbé e jáde ní 2020. Aláìsàn 385, ilé ìwòsàn 5. Nígbà tí oorun oògùn ti gbé gbogbo wọn lọ pátápátá, wọ́n fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sí wọn létí. Àwọn kan ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ohùn kan tó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: 20 ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀, 10 ìṣẹ́jú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn yòókù dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ò sì mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú wákàtí 24 tó tẹ̀ lé e, nínú 100 àwọn tí kò gbọ́ nǹkan, 80 ló nílò oògùn alágbára irú mọ́fíìnì. Nínú 100 àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀, 63 ni.

Ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu o. 63 yẹn ṣì gba oògùn.

Télọ̀ Ouando · 12:58

Wọ́n ń sùn, wọ́n ń gbọ́? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n máa ran aṣọ mi.

Nọ́ọ̀sì Òru · 13:30

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró lórí ẹni tó ń sùn tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gbèsè ilé ìwòsàn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Ọmọ Àkábà · 19:05

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: kí n sọ fún un ṣáájú pé yóò dùn ún, àbí kí n fi pamọ́? Èkejì: ṣé mo lè gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù bíi ti àwọn ará Jámánì yẹn, kí n máa pe oríkì rẹ̀?

Bàbá Onífìlà · 19:22

Ìwọ àbúrò, kí o máa pe oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ? Ọjọ́ wo ni Kétu bàjẹ́ tó báyìí? Ìyá yín ńkọ́? Òun ni kó sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru · 23:50

Bàbá ti dáhùn èkejì. Mo máa dáhùn àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Má purọ́ fún un. Ní 1964, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, àwọn dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun pín aláìsàn 97 tí wọ́n fẹ́ ṣí ikùn wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣe ti àwọn kan bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Àwọn yòókù, wọ́n lọ bá wọn ní orí bẹ́ẹ̀dì ní alẹ́ tó ṣáájú, wọ́n jókòó, wọ́n sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa ti mọ̀ ọ́n lára, bó ṣe máa ń rí, ìgbà tó máa wà. Wọ́n ṣàlàyé pé iṣan ikùn tó ń fún pọ̀ lábẹ́ ojú ọgbẹ́ ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tú u: mí sínú dáadáa, jẹ́ kí ikùn rọ̀, fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yí ara rẹ, má fi ikùn ṣe é, bí ó bá sì ju agbára rẹ lọ, béèrè oògùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́n tún padà lọ bá wọn. Àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ yìí lo oògùn ìrora tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù. Àwọn dókítà abẹ tí kò mọ ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n máa lọ sílé, tá a bá pín in dọ́gba, ní ọjọ́ 2.7 ṣáájú.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n dárúkọ ìrora fún wọn. Àmọ́ “yóò dùn ọ́ o, mú ọkàn le” yàtọ̀ sí “wàá mọ̀ ọ́n níbí, iṣan ló ń fún, bí o bá ṣe báyìí yóò tú”. Èkíní jù ú síbẹ̀, ó lọ. Èkejì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bá a sọ ọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ jọ ṣe é ní orí ẹní lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó ṣe máa dìde: kó yí sí ẹ̀gbẹ́, kó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Bó ṣe máa wúkọ́: kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó tó wú u. Ra ìrọ̀rí kékeré kan dání. Ìrọ̀rí yẹn á ṣe ọ́ lóore ju ọ̀rọ̀ mi lọ.

Nígbà tí ọjọ́ bá wá pé, tó bá ń sinmi, má máa bi í pé “ṣé ó ń dùn yín?” ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bi í pé “kí la lè ṣe kí ara tù yín sí i?” Òun fúnra rẹ̀ á sọ: ẹ yí mi, ẹ fún mi lómi pa ètè, ẹ pa iná yẹn.

Ti ohùn fóònù, kí ìyá yín sọ nǹkan tó jọ èyí, ní ohùn jẹ́jẹ́, kó má sáré:

“Àjọkẹ́ mi, orí bẹ́ẹ̀dì lo wà, àbúrò rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Èémí ń wọlé, èémí ń jáde. Bó ṣe ń jáde, èjìká rẹ ń wálẹ̀, ikùn rẹ ń rọ̀. Oògùn inú omi ń kán, ó ń lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ara rẹ mọ bí a ṣe ń jinná, ó ti ṣe é rí. Gbogbo ohùn tí o bá ń gbọ́, ohùn àwọn tó ń tọ́jú rẹ ni. Bí o bá fẹ́ nǹkan, sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Sinmi.”

(Fi oríkì tirẹ̀ rọ́pò. Àjọkẹ́ ni mo kàn lò.) Mi ò fi “iṣẹ́ abẹ ti lọ dáadáa” sí i, torí dókítà nìkan ló lè kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Kí o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó gbé fóònù súnmọ́ ọn.

Ọmọ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́) · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 05:40

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gún kan sí i.

Bàbá mi, wọ́n ṣiṣẹ́ ìpá fún wọn. Gbogbo wa la yí wọn ká, à ń yìn wọ́n. Akin! Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n, abẹ kékeré wo ló máa ṣe é? Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, bí a bá bi wọ́n wọ́n á ní ara tu àwọn. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́ òórùn. Ọgbẹ́ ti gba kòkòrò, ara wọn gbóná bí ààrò, wọ́n sì ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹta, wọ́n kàn ń fi eyín ti ètè ni. Wọ́n yè, Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àmọ́ oṣù méjì ni wọ́n fi wẹ ọgbẹ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ò jẹ̀bi, àwa ọmọ la fi oríkì dí wọn lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì · 06:15

Ẹ kú ewu bàbá.

Nọ́ọ̀sì Òru · 07:02

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ wà láti ran oògùn lọ́wọ́, kò wà láti pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Ìrora tó ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó ti lọ sílẹ̀ tó tún gòkè, tàbí tó le lójijì, ẹ má bá a sọ nǹkan kan, ẹ pè wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara gbígbóná, ojú ọgbẹ́ tó pọ́n tàbí tó ń sun, ẹ̀jẹ̀, ikùn tó le gbandi, ẹ̀yìn ojúgun tó wú lẹ́sẹ̀ kan, èémí tó ṣòro mí.

Ẹ fún un lóògùn bí àkókò rẹ̀ bá ti pé, ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Paracétamol kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 4 ní wákàtí 24 fún àgbàlagbà, ẹ sì ka ara páálí yòókù torí ó máa ń fara pamọ́ sínú oògùn òtútù àti ti ẹ̀fọ́rí. Ẹ má lọ bá àwọn tó ń ta tramadol, oògùn ìrora líle, lórí àtẹ.

Ọmọ Àkábà · ọjọ́ Ọjọ́rú, 22:30

Àjàṣẹ́ la wà báyìí. Wọ́n ti gbà á sí wọ́ọ̀dù.

Gbígba ohùn yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ṣe é. Ti àkọ́kọ́, màmá wa sọ pé “kò ní dùn ẹ́” lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo ní ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ti èkejì, wọ́n dé orí oríkì, wọ́n bú sẹ́kún. Ti ẹ̀kẹta, aládùúgbò wá tọrọ iyọ̀. Ti ẹ̀kẹrin ló dára, àfi pé àkùkọ kọ ní àárín rẹ̀, wọ́n sì fi “wàá jẹ àkàsà pẹ̀lú ẹja” parí rẹ̀, nǹkan tí kò sí nínú ìwé nọ́ọ̀sì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀.

Dókítà oorun rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. Ó ní òun ò fẹ́ fóònù nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti la ojú, kò burú. A ti kọ́ bí yóò ṣe dìde. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní mo ti di nọ́ọ̀sì.

Awakọ̀ Zẹ́mì · 22:41

Owó ńkọ́?

Ọmọ Àkábà · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15:20

Ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó lọ dáadáa, mo sì sọ ọ́ fún un nígbà tó la ojú: “Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní ó lọ dáadáa.” Ó fi ojú dá mi lóhùn.

Òru yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín, ó le. Ní bí aago kan, nọ́ọ̀sì bi í ní nọ́ńbà, ó ní 7. Wọ́n fún un lóògùn, mo fi omi tó ń kán hàn án gẹ́gẹ́ bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Mo wá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Màmá wa ń sọ̀rọ̀. Mo ń wo èjìká rẹ̀. Nígbà tí àkùkọ yẹn kọ, mo rí i tó rẹ́rìn-ín múṣẹ́ láìla ojú. Ó ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un ṣe kó tó sùn. Nígbà tó jí, ó pè é ní 4. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan dé lánàá pẹ̀lú ìtàn, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun.

Mi ò lè sọ fún yín èyí tó jẹ́ ti oògùn àti èyí tó jẹ́ ti màmá wa.

Télọ̀ Ouando · 15:34

Ẹ kú ewu. Ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi, ìyàwó mi ń lọ yọ eyín.

Ọmọ Àkábà · 15:50

Bàbá Télọ̀, oríkì ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ti ìyàwó yín sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn yín.

Ọmọ Àkábà · ọjọ́ Ẹtì, 18:05

A ti dé Kétu. Takisí la wọ̀, iwájú ló jókòó, ìrọ̀rí wà níkùn rẹ̀ láti Sakété dé ilé, awakọ̀ sì rọra gun gbogbo òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì. Ojú ọgbẹ́ gbẹ.

Awakọ̀ Zẹ́mì, o ti ń béèrè owó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti Ọjọ́bọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n mi ò dárúkọ owó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì bọ́jú tán, ó ní kí n kó gbogbo ìwé tí mo fi ra oògùn jáde. Ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé fáráńkì 700 kò péye. Ìgbà yẹn ni mo pe màmá wa pé kí wọ́n gbé ẹja kaná.